Nígbà tí ojú bá tún pọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àpò òróòro

Ẹ kú àmójútó ìyá, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Ọ̀ffà. Ẹ ní oṣù karùn-ún rèé tí wọ́n ti yọ àpò òróòro wọn, pé ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún ti padà dé, ojú wọn sì ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ wá ń bèèrè bóyá ibà ni. Ohun tí ojú èmi náà rí nìyẹn.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tèmi ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí yóò sì gba ẹ̀yìn gun èjìká ọ̀tún lọ. Ní Òmù-Àrán tí mo ń gbé, gbogbo ẹni tí ó rí ojú mi ni ó ń sọ pé ibà pọ́njú ni. Mo mu àgbo, mo gba abẹ́rẹ́ ibà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò, èyí tí ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé àmì wà lójú mi kedere: ìtọ̀ mi dúdú bí omi tíì, ìgbẹ́ mi ṣá títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun bí ẹfun, ara sì ń yún mi lóru débi pé n kò lè sùn. Bí ìgbẹ́ bá ti ṣá bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun kan ti dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà dé inú ìfun.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò là yé mi ni pé àpò òróòro yàtọ̀ sí ọ̀nà òróòro. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè òróòro, àpò kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń gbé e lọ sínú ìfun. Òkúta tí ó ti yọ̀ bọ́ sínú ọ̀nà yìí kí wọ́n tó yọ àpò lè ṣẹ́ kù síbẹ̀, kí ó sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní Ìlọrin, skáànì àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń fi nǹkan tútù pa ikùn fún, kò rí òkúta kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí irú èsì bẹ́ẹ̀ nìkan dá yín padà sílé. Afẹ́fẹ́ inú ìfun sábà máa ń bo ìsàlẹ̀ ọ̀nà òróòro, ibẹ̀ sì ni òkúta máa ń há sí. Ṣùgbọ́n skáànì náà sọ pé ọ̀nà ọ̀hún fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé bilirubin, èròjà inú òróòro tí ó ń mú ojú pọ́n, ti lọ sókè. Dókítà àgbà kan so méjèèjì pọ̀, ó ní kí n ṣe MRCP, àwòrán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mágnẹ́ẹ̀tì ńlá yà. Òkúta méjì ni ó fara hàn.

Wọ́n darí mi sí Èkó fún ERCP, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn oorun, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní kámẹ́rà gba ẹnu mi dé inú ìfun, wọ́n la ẹnu ọ̀nà òróòro díẹ̀, wọ́n sì fi agbọ̀n wáyà kékeré wọ́ òkúta jáde. Ṣáájú rẹ̀, wọ́n yẹ bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń dì wò, wọ́n sì fún mi ní abẹ́rẹ́ fítámì K, nítorí pé ara kì í rí fítámì yìí gbà dáadáa nínú oúnjẹ bí òróòro kò bá dé ìfun. Bí ìyá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Ewu wà níbẹ̀ o: pancreas, ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, lè wú lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà ni kí ẹ wá.

Bí ìyá bá ń gbọ̀n, tí ara wọn gbóná, tí ojú wọn sì pọ́n, àfàìmọ̀ kí òróòro tí ó dúró sójú kan má ti ní àrùn, àrùn náà sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lóru náà. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ lọ́la, kí ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ wọn dání, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n yẹ ọ̀nà òróòro wò lọ́jọ́ tí wọ́n yọ àpò náà.