Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé onílé tó ṣe pitch fúnra rẹ̀ kì í fìdí rẹmi?

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé. Ẹnì kan lórí Telegram ń gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀. Ó ní òun máa ń mọ ẹni tí yóò borí nínú kíríkẹ́ẹ̀tì Test, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín orílẹ̀-èdè méjì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí orílẹ̀-èdè tó gbàlejò ló ń ṣe pitch, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá a, bí wọ́n bá sì ti ṣe é tán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó tún ní wọ́n máa ń bomi rin ín lóru nígbà tí àwọn àlejò bá ti sùn. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ti já lẹ́ẹ̀mẹta. Báwo lèèyàn ṣe ń ka pitch, kí owó mi má baà tún wọgbó?

ÌDÁHÙN: Ìkẹrin irú ìbéèrè yìí rèé lóṣù yìí nìkan, Telegram yìí kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń wá. N ò ní kọ́ yín ní tẹ́tẹ́ títa. Ilẹ̀ pápá ni mo ń tọ́jú ní Abuja níbí. Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó kọ́ ti kíríkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ka èyí tán tí ẹ lọ fi owó iléèwé ọmọ ta á, ọrùn mi kọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti omi òru kúrò nílẹ̀, irọ́ gbuu ni. Òfin kíríkẹ́ẹ̀tì kò gbà kí ẹnikẹ́ni bomi rin pitch látìgbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi parí. Wọ́n lè gbá a, wọ́n lè gé koríko rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì lè yí róólà lé e fún ìṣẹ́jú méje, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Kápúténì ẹgbẹ́ tó fẹ́ mú igi, ìyẹn tó fẹ́ fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ló ń sọ bóyá kí wọ́n yí i, ì báà jẹ́ onílé, ì báà jẹ́ àlejò. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á fà á bò. Ó tán.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni onílé ń ṣe tirẹ̀. Pitch ni ilẹ̀ gbọọrọ tó wà láàárín pápá, mítà 20.12 ní gígùn, mítà 3.05 ní fífẹ̀. Amọ̀ ni. Wọ́n á rin ín, wọ́n á yí róólà lé e lọ́jọ́ mélòó kan títí yóò fi le bí ilẹ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ẹlẹ́bọ́tọ ra. Mi ò bá yín wí pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Nàìjíríà kò sí nínú orílẹ̀-èdè 12 tó ń gbá Test, púpọ̀ nínú pápá wa sì rèé, kọnkéré ni wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọyẹ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo bu ilẹ̀ pupa lẹ́yìnkùlé mi ní Gwagwalada, mo sì ní kí awakọ̀ kan bá mi bu ilẹ̀ dúdú bọ̀ láti ọ̀nà Gombe, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà lójò, tó sì máa ń lanu lẹ́ẹ̀rùn débi pé ìka èèyàn á wọ inú rẹ̀. Mo po méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo ṣù wọ́n róbótó bí òkèlè ńlá, mo sá wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ti pupa, ó rún wómúwómú. Ti dúdú sán níbi mẹ́ta, àmọ́ mo fi gbogbo kílò 81 mi dúró lé e, kò ṣe bí ẹni gbọ́. Ọmọ mi ní kí n má dà á nù, òun á fi lé adìẹ.

Ìdí pitch nìyẹn: amọ̀ wo ni, omi rẹ̀ ti tó, oòrùn mélòó ló pa á, koríko mélòó ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní Íńdíà, wọ́n ní ti pupa, wọ́n ní ti dúdú. Ti pupa máa ń tètè fọ́, bọ́ọ̀lù á sì máa ta sókè; ti dúdú máa ń di ara rẹ̀ mú, bọ́ọ̀lù á máa lọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Onílé tó gbójú lé spinner, ìyẹn ẹni tó ń fi ọmọ ìka yí bọ́ọ̀lù kó tó fi í lẹ̀, á fá koríko, á sì fi omi dù ú kó lè tètè di eruku. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti New Zealand máa ń fẹ́ kí koríko tutù lórí rẹ̀ fún àwọn tó ń fi agbára sọ̀kò bọ́ọ̀lù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gan-an. Ọkùnrin yín ní onílé tó bá ti ṣe pitch ti borí. Ẹ gbọ́: amọ̀ kì í yẹ ìwé ìrìnnà wò. Orí ilẹ̀ kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń gbá a, owó ẹyọ tí wọ́n sọ sókè ló sì ń sọ ẹni tí yóò yan ẹni tó máa kọ́kọ́ mú igi. Bí ẹ bá gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà nítorí àlejò, ọ̀nà yẹn náà lẹ̀yin máa gbà relé.

Lọ́dún 2017 ní ìlú Pune, Íńdíà ṣe pitch tó gbẹ táútáú. Steve O'Keefe, spinner Ọsirélíà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí, kó wicket 12 níbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejìlá ló lé ẹni tó mú igi kúrò nídìí rẹ̀, run 333, ìyẹn àmì ayò, ni wọ́n sì fi na Íńdíà. Ní Indore, ìlú míì ní Íńdíà, lọ́dún 2023, Íńdíà tiẹ̀ jẹ toss, ìyẹn owó ẹyọ yẹn, wọ́n kọ́kọ́ mú igi, run 109 ni gbogbo wọn rí kó jọ. Ọjọ́ kẹta ni Ọsirélíà parí rẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2024, New Zealand na wọ́n 3-0 nílé wọn, lẹ́yìn tí Íńdíà ti gba séríìsì, ìyẹn àkójọ eré mélòó kan pẹ̀lú àlejò kan náà, 18 léraléra nílé. Nínú eré kejì, ní Pune yìí kan náà, Mitchell Santner, spinner New Zealand, nìkan mú wicket 13. Àlejò kọ́ ló ṣe àwọn pitch wọ̀nyẹn.

Ibi tí àwọn wòlíì tẹ́tẹ́ kì í dé nìyí. Spinner tó mọṣẹ́ dójú àmì, bíi Ravichandran Ashwin nígbà tó ṣì ń gbá, lè yí bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ tó dára. Ẹ sọ ọ́ di eruku, èrè tó máa jẹ níbẹ̀ kò pọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí eruku ń gbé ga ni spinner àlejò tí kò tó o. Kó ṣáà ti máa jù ú síbi kan náà: ọ̀kan á yí, èkejì á lọ tààrà, òun alára kò mọ èyí tó máa yí, ẹni tó mú igi á ti ṣe mọ̀ ọ́n? Bí ata bá ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ta ló fẹ́ mọ ọlọ́wọ́ ọbẹ̀ yàtọ̀?

N ò sọ pé kò sí àǹfààní ilé. Ó wà, ó sì pọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó run 823 lé Pakísítánì lórí nílé wọn ní Multan, wọ́n sì nà wọ́n. Kí ni Pakísítánì ṣe? Fún eré kejì, wọ́n padà sórí pitch tí wọ́n ti gbá fún ọjọ́ márùn-ún yẹn gan-an, wọ́n gbé fáànù ńláńlá sí i kó gbẹ. Spinner wọn méjì, Sajid Khan àti Noman Ali, pín wicket 20 eré náà láàárín ara wọn, Pakísítánì sì gba séríìsì náà 2-1. Ṣé ẹ rí i, ó ṣiṣẹ́. Oṣù kìíní 2025, Multan kan náà, wọ́n tún fi eruku ki West Indies káàbọ̀. Wọ́n borí nínú àkọ́kọ́. Nínú èkejì, Jomel Warrican, spinner àlejò, fọ́n wọn ká, wọ́n sì fi run 120 fìdí rẹmi. Láti 1990 títí di ọjọ́ yẹn, West Indies kò tíì borí nínú Test kankan ní Pakísítánì.

Àwọn spinner nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Cape Town lọ́dún 2024, bọ́ọ̀lù 642 péré ni wọ́n jù nínú gbogbo eré náà, kò sí Test tó ní èsì tó kúrú tó o rí. Run 55 ni Gúúsù Áfíríkà, onílé, kọ́kọ́ rí kó jọ, Íńdíà ló sì borí. ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ní pitch náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ní ti kíka pitch látorí fóònù, kò ṣeé ṣe. Èmi tí mo ń ṣe é, mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ gún un láti mọ bí omi ṣe kù sí nísàlẹ̀, oòrùn ọjọ́ méjì sì ti sọ mí di òpùrọ́ rí. Ẹ bi ọkùnrin yẹn bóyá amọ̀ dúdú ni àbí pupa, àti ọjọ́ tí wọ́n bomi rin ín kẹ́yìn. Bó bá ní àṣírí ni, ẹ jáde níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ míì tó pé. Bó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ náà gan-an ló ń wù yín, ẹ wá bá mi ní àárọ̀ Sátidé kan, mò ń wá ẹni tí yóò bá mi po amọ̀. Ẹ má wọ bàtà funfun.