Ọmọ mi fẹ́ ka Gẹ̀ẹ́sì: ta ni kí n yáwó lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá olùdámọ̀ràn. Obì ni mò ń tà ní Sábó, Ṣàgámù. Wọ́n gba ọmọ mi obìnrin sí OOU ní Àgọ́-Ìwòyè láti ka Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò mi tó wà ní London ní àwọn tó ka Gẹ̀ẹ́sì kì í rówó gidi, pé gbèsè ilé-ìwé ló ń bá wọn darúgbó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó gba owó tí ìjọba ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbọ́mú-lé-lántà ni mo fẹ́ gbà, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Àbí kó kúkú pààrọ̀ kọ́ọ̀sì?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú làálàá ọmọ. Kó má pààrọ̀ kọ́ọ̀sì, kí ẹ̀yin náà má sì tíì tọwọ́ bọ̀wé fún ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín. Owó gbọ́mú-lé-lántà tí ẹ dárúkọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Gẹ̀ẹ́sì kúrò nílẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Lẹ́fẹ̀lì 8 ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní dìgírì ti ń bẹ̀rẹ̀, ì báà ka Gẹ̀ẹ́sì, ì báà ka ọrọ̀-ajé. Ilé-ìwé aládàáni ni ìyà wà. Àwọn kan kì í san tó 70,000 náírà tí òfin ti sọ di owó oṣù tó kéré jù lọ láti 2024. Bí ọmọ yín bá mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà lòun máa ṣe, kó fi PGDE lé dìgírì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tí kò kọ́ ọ ní yunifásítì, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ báńkì tàbí rédíò ló wù ú, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe ni wọ́n máa wò, nítorí náà kó ti máa kọ nǹkan jáde kó tó gboyè.

Ohun tí àbúrò yín ń sọ, òfin England ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ yunifásítì níbẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2023, tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £25,000 lọ lọ́dún, ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára ohun tó fi lé. Èlé ń gun gbèsè náà, ó sì lè tó 40 ọdún kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ì báà ka Gẹ̀ẹ́sì, ì báà ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, òfin kan náà ni. Ẹ má gbé òfin wọn wá sí Rẹ́mọ.

Tiwa ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024. Owó rẹ̀ kò ní èlé, kò gba onídùúró. Yunifásítì ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí agùnbánirọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sì ni. Bó bá ń gba 70,000, 7,000 ni. Bí kò bá tíì ríṣẹ́, kó lọ búra ní kóòtù pé kò sí owó tó ń wọlé, kó fi ìwé náà bẹ̀ wọ́n fún àfikún àkókò. (Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Babcock ní Ìlíṣàn kò lè gba owó yìí, torí yunifásítì aládàáni ni. OOU jẹ́ ti ìpínlẹ̀.)

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé, “Gbèsè ni gbèsè ń jẹ́.” Irọ́ ni, irọ́ yìí sì ti ba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́jà jẹ́. Ẹ wo káàdì tí àwọn oní-gbọ́mú-lé-lántà máa fún yín: àpótí kéékèèké ló wà lórí rẹ̀, àpótí kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ gbowó lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san, nígbà tí ọmọ yín kò tíì mọ ibi tí kíláàsì rẹ̀ wà. Ọjà ni wọ́n ṣe owó yẹn fún. Obì tí ẹ bá fi rà lónìí, ẹ lè tà á kó tó di ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí èrè rẹ̀ san gbèsè. Dìgírì kò lè san kọ́bọ̀ fún ọdún mẹ́rin, ká tó wá ka ọdún agùnbánirọ̀. Ojú owó ọjà yín ni wọ́n máa jẹ tán.

Ká ní 200,000 lẹ yá, kí èlé jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. 10,000 lóṣù nìyẹn, 120,000 lọ́dún, ojú owó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn tún máa ń yọ owó fọ́ọ̀mù àti owó ìfipamọ́ kí ó tó dọ́wọ́ yín. Lọ́dún tó ń bọ̀, ilé-ìwé á tún béèrè owó. Ọjọ́ tí ẹ kò bá sì rí san, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tí ẹ jọ gbowó ni wọ́n á kó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín. Mo ti rí ibi tí wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, tí àwọn ọmọ ilé ń wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀bùn ni owó NELFUND o. Gbèsè ni 20,000 náírà tí wọ́n ń fún ọmọ lóṣù láti fi jẹun náà. Bó bá gbà á oṣù mẹ́wàá lọ́dún fún ọdún mẹ́rin, 800,000 nìyẹn. Ẹni tó ń san 7,000 lóṣù máa fi ọdún mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ san ti oúnjẹ nìkan. Bí ẹ bá lè bọ́ ọ, kó béèrè owó ilé-ìwé nìkan. Owó yàrá ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ gbà á láti inú àjọ yín, tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹ ti ń dáwó.

Mi ò bá NELFUND ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè yí ìlànà padà, nítorí náà kó ka ohun tó wà lórí ìkànnì wọn dáadáa kó tó fọwọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ẹ má sanwó fún àjẹ́ntì kankan ní káfẹ̀ẹ́, kí ẹ má sì fi BVN rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Bí orúkọ tó wà lórí NIN rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti JAMB, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ tún un ṣe.