Mílíìkì kì í fọ tínà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mọ́tò ni mo ń kùn ní Mechanic Village, Apo, níbí l'Abuja, ó ti pé ọdún 9. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n máa mu mílíìkì agolo kan lálaalẹ́ kí tínà tí a fi ń po ọ̀dà má bàa pa mí lára. Mò ń mu ún, síbẹ̀ orí ń fọ́ mi, òòyì sì ń kọ́ mi. Ṣé kí n yí i sí epo pupa ni?

Ìdáhùn: Ẹ má yí i sí nǹkan kan. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni mo ti ń dáhùn ọ̀rọ̀ mílíìkì yìí ṣáá, fún àwọn tó ń kun mọ́tò, fún káfíńtà, fún àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà.

Ọ̀fun ni mílíìkì gbà, ikùn ló ń lọ. Imú ni tínà gbà wọlé. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń bọ́ sí, ibẹ̀ ló ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, kò sì ní pẹ́ dé ọpọlọ. Ohun tó ń fa òòyì nìyẹn. Páálí mílíìkì kan gbáko kò lè pàdé rẹ̀ lọ́nà. Toluene tó máa ń pọ̀ nínú tínà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bá yín lé e jáde, díẹ̀ ń bá èémí lọ. Oúnjẹ gidi ni mílíìkì, n kò bá a jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó bá ti mu ún á gbà pé òun ti bọ́, á wá wọ inú tínà láìbo imú.

Mo ti dé irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́. Wọ́n fi tapólì ta gbogbo ẹ̀gbẹ́ pa kí eruku má bàa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ọ̀dà náà dán bíi dígí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òórùn tínà kò rọ́nà jáde, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sọ̀ sí, níbi tí ọmọ iṣẹ́ lóṣòó sí tó ń fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn mọ́tò. Ẹ ká tapólì lápá méjì tó kọjú síra, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ já.

Ìbomú tí a lò nígbà Kòrónà kò lè dá òórùn tínà dúró. Èyí tó ní ike róbótó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n kó èédú sí nínú, ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá ti ń gbóòórùn tínà nínú rẹ̀, èédú náà ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì fi pẹtiróòlù fọwọ́ mọ́. Benzene wà nínú rẹ̀, ó ń ba mùdùnmúdùn egungun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ibí ni epo pupa ti wúlò: ẹ fi ra ọwọ́ kí ọ̀dà ṣí, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

N kò tíì yẹ̀ yín wò o, n kò lè búra pé tínà nìkan ni. Ẹ kíyè sí i bóyá orí ń fọ́ yín lọ́jọ́ Sunday tí ẹ kì í ṣiṣẹ́. Bó fọ́, bí kò fọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà kó tó béèrè.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọmọ iṣẹ́ tó ń fẹnu fa tínà tàbí pẹtiróòlù. Tó bá gbé e mì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kó bì í. Bó bá ti ń bì í ló ń yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí ló sì ń pa wọ́n jù. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú gálọ́ọ̀nù ohun tó mu dání.