Ẹ Bi Ìyá Ìbejì: A kì í mu ọtí, ṣé kí a lọ sí ìlú ọlọ́gbà àjàrà?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Ọmọbìnrin wa ń kàwé ní Turin, ní ilẹ̀ Ítálì, yóò sì gboyè jáde ní oṣù Kẹsàn-án. Èmi àti ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá bá a yọ̀. Mo ti ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìwé Cesare Pavese, òǹkọ̀wé ará Ítálì, tó ń jẹ́ La luna e i falò, ìyẹn Òṣùpá àti Àwọn Iná, ó sì wù mí kí n fojú ara mi rí Santo Stefano Belbo tí wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní wáìnì nìkan ló wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fẹnu kan ọtí. Orúnkún tún ń dun ìyàwó mi. Ṣé kí a lọ? Olùkọ́, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ, Olùkọ́ wa. Ẹ mú ìyá ọmọ yín dání.

Láti ọdún 2004 ni mo ti ń gbé Turin. Ìyá àgbà kan tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́fà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìlú yẹn fún mi. Orí àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Langhe níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Tí oorun bá kọ̀ tí kò wá, yóò máa sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń dáná sórí òkè ní alẹ́ tó ṣáájú ọdún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, lápá ìparí oṣù Kẹfà, tí ará òkè yìí yóò máa wo iná ará òkè ọ̀hún. Iná yẹn ló ń jí ilẹ̀, ó ní. Ìgbà tí mo wá ka ìwé Pavese, mo bá ọ̀rọ̀ ìyá náà nínú rẹ̀. Mo pa ìwé dé, mo sunkún, torí ìyá ti kú nígbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àgbẹ̀ tó ń sun oko kí òjò tó dé, ọ̀rọ̀ iná yìí kò ní ṣàjèjì sí yín.

Ẹni tó sọ pé wáìnì nìkan ló wà níbẹ̀ kò tíì ka ìwé náà dáadáa. Ta ló ń ro ọgbà àjàrà yẹn? Ọmọ tí wọ́n gbé jù ni ẹni tó ń sọ ìtàn inú ìwé yẹn. Ìdílé tálákà kan gbà á tọ́ nítorí owó tí wọ́n ń rí lórí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó yí i ká ń dá oko olóko, ìdajì irè ń lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó lówó, ó padà dé lẹ́yìn ogun, kò sì bá ẹni tó fẹ́ fi owó náà hàn. Pavese tó kọ ọ́ kò dé Amẹ́ríkà rí láyé rẹ̀, ìwé ló fi mọ̀ ọ́n. Òun ló túmọ̀ Moby Dick, ìwé ìtàn Herman Melville ará Amẹ́ríkà, sí èdè Ítálì ní 1932.

Mo ṣe iṣẹ́ àgbàṣe níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kórè àjàrà tí wọ́n ń pè ní moscato lórí òkè wọ̀nyẹn, torí ẹ̀rọ kò lè gun ibi tó dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Àjèjì ló pọ̀ jù nínú àwa tí a wà lóko. Owó ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀gá náà jẹ mí, kò san án títí dòní. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọn tó tẹ̀ba sídìí àjàrà, ẹ kí wọn. Wọ́n lè fún yín ní ṣírí kan. Ẹ jẹ ẹ́, adùn rẹ̀ ń ta sánsán bí òdòdó.

Wáìnì tí wọ́n ń fi moscato ṣe dùn, kò sì le: bíi ìdá 5 nínú 100 ni ọtí inú rẹ̀. Wọn yóò ní kò ju omi èso lọ. Ọtí ni. Ẹ ṣọ́ oúnjẹ náà: ọtí rum máa ń wà nínú bonet, oúnjẹ dídùn oníṣokoléètì; wáìnì ni wọ́n fi ń se brasato, ìyẹn ẹran màlúù; ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú agnolotti, pasita tí wọ́n ki ẹran sínú. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní tajarin oníbọ́tà, ìyẹn pasita tín-ín-rín, kí ẹ wá fi torta di nocciole pa á, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso kan tó jọ awùsá kékeré ṣe. Ẹ sọ pé kí wọ́n má da zabaione, ìpara ẹyin dídùn, lé e. Wáìnì wà nínú ìyẹn.

Ní ti orúnkún ìyàwó yín, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Asti, kò tó wákàtí kan. Láti ibẹ̀, ẹ háyà mọ́tò, ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 30. Ilé tí wọ́n bí Pavese sí ní 1908 wà létí títì tó lọ sí Canelli. Títì kan náà ni ṣọ́ọ̀bù Pinolo Scaglione wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà tó sọ di Nuto nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín nìkan gun òkè lọ síbi ilé ìṣọ́ àtijọ́ tó wà lókè ìlú. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Nuto, kí ẹ kọjú sí òkè Gaminella lódìkejì odò Belbo, kí ẹ ka ojú ìwé tí Nuto ti ń sọ̀rọ̀ iná.

Ẹ dé ibojì Pavese pẹ̀lú. Turin ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ sí ní oṣù Kẹjọ 1950, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé yẹn jáde. Ọdún 2002 ni wọ́n tó gbé e padà wá sílé.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo dúró de bọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Katakata àgbẹ̀ kan ló gbé mi dé Canelli. Tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi, kí n bá yín pe Fondazione Cesare Pavese, àjọ tó ń tọ́jú ohun ìrántí rẹ̀, kí a mọ wákàtí tí wọn yóò ṣílẹ̀kùn.