Èsì: Kẹ́míkà inú ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì

Ẹ ní ọ̀gá yín sọ pé níwọ̀n ìgbà tí lébẹ́ẹ̀lì ti wà lára dúrọ́ọ̀mù ńlá, kò pọn dandan kí ó wà lára ìgò kékeré tí ẹ ń bu kẹ́míkà sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ kẹ́míkà náà àti ewu rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lára ìgò. Àyè tí òfin Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ kò ju kí ẹni tó bù ú lò ó fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má sì kọjá àsìkò iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ásíìdì sulfuric kò ní àwọ̀, ó jọ omi lójú. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì da ásíìdì mọ́ bílíìṣì, gáàsì chlorine ni yóò tú jáde, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bà jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu kẹ́míkà sínú ike omi mímu láé!

Ẹ béèrè fún Safety Data Sheet kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwé tó ṣàlàyé ewu rẹ̀ àti bí ẹ ṣe lè dáàbò bo ara yín. Abala 16 ló ní. Ìkẹrin wà fún ìtọ́jú pàjáwìrì, ìkẹwàá sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá a pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka ìkẹjọ, tó sọ ohun ìdáàbòbò tó yẹ kí ẹ wọ̀, torí ìbọ̀wọ́ tó dá kẹ́míkà kan dúró, òmíràn lè gba inú rẹ̀ kọjá sí awọ ara. Kí ìwé náà má sì wà ní títì pa sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru náà rí i kà.