Báwo ni ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù fún ìgbádùn ṣe lè ní eagle?

Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò bá fi méjì dín sí par ihò náà (iye ìgbà tí a retí pé kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò náà) ló ní eagle: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní par 5, ẹ̀ẹ̀mejì ní par 4, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní par 3.

Àwọn tó lágbára máa ń rí i ní par 5, ṣùgbọ́n par 5 àwọn ọkùnrin sábà máa ń gùn ju yáàdì 450 lọ, ọ̀pọ̀ kò sì lè dé green, ìyẹn ibi tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ihò wà, lẹ́ẹ̀mejì.

Ti par 4 ló wúni lórí jù, torí òkèèrè ni bọ́ọ̀lù ti máa ń wọlé. Á balẹ̀ níwájú green, á ta lẹ́ẹ̀kan, á yí lọ, a ò ní rí i mọ́. Wọ́n á tú koríko ẹ̀yìn green títí kí ẹnìkan tó yọjú wo inú ihò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4.25. Bó bá wà níbẹ̀, eagle náà dúró, kódà bí onítọ̀hún bá ti gbá bọ́ọ̀lù mìíràn, torí lábẹ́ òfin, ihò náà ti parí látìgbà tí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ti wọlé.

Net eagle yàtọ̀: handicap, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n máa ń yọ fún agbágọ́ọ̀fù kí ìdíje lè dọ́gba, ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ. Ẹni tí handicap fún láǹfààní ìgbá kan ní par 5, tó sì gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́rin, net eagle ló ní. Nínú ìdíje Stableford, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní pọ́íǹtì lórí ihò kọ̀ọ̀kan, pọ́íǹtì 4 nìyẹn.