Tẹmómítà Mẹ́ta, Ìwọ̀n Mẹ́ta: Èwo Ni Òtútù Òru Àná Gan-an?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Telford ní Shropshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ràn láti máa wo ojú ọjọ́, a sì máa ń kọ ìwọ̀n òtútù òru sílẹ̀. Ní òru tí òtútù mú jù lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹmómítà mi, tí mo so mọ́ ẹ̀ka igi ní ẹ̀yìnkùlé, kà á sí -11 (dígírì Celsius ni gbogbo ìwọ̀n wa). Ọ̀rẹ́ mi kan gbé tirẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó kà á sí -6. Mọ́tò ẹnì kẹta wa sọ pé -7 ni nígbà tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ gbé jáde fún Shawbury, ní Shropshire níbí, jẹ́ -8, fóònù ìyàwó mi sì ní bí ẹni pé -14 ni ó ṣe rí lára. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán títí di òní. Ta ni ó tọ̀nà nínú wa? Ibo ni ó yẹ kí n gbé tẹmómítà mi sí? Èwo nínú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ni kí n sì fi mọ̀ bóyá omi inú páìpù ilé mi yóò dì?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú òtútù yìí o, ẹ sì kú iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú yín, ṣùgbọ́n ohun kan náà kọ́ ni ẹ wọ̀n, òun ni àríyànjiyàn yín kò ṣe lè tán. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tiyín, nítorí pé -11 yẹn ni ó ní àlàyé jù.

Tẹmómítà kò mọ ìwọ̀n ohun mìíràn ju ti ara rẹ̀ lọ. Àwa ni a ń gbà pé ara rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ní òru tí sánmà mọ́ kedere tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, wọn kì í dọ́gba. Gbogbo ohun tí ó wà lójú ilẹ̀, ìbáà ṣe koríko, òrùlé mọ́tò, tàbí ike tẹmómítà yín, ni ó ń tú ooru ara rẹ̀ sílẹ̀ sí òkè láìdáwọ́ dúró. Bí ìkùukùu bá wà lókè, a máa dá púpọ̀ nínú ooru náà padà sórí ilẹ̀ bí aṣọ ìbora. Bí kò bá sí, ooru náà bá sánmà lọ nìyẹn, ohun tí ó tú u sílẹ̀ a sì tutù ju afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti jí ní ìdájí nígbà ọyẹ́ ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí mọ bí ó ti máa ń rí: ọ̀sán a gbóná, òru a sì tutù débi pé a ó máa wá aṣọ kún aṣọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkùukùu kò sí, ooru ilẹ̀ kò sì rí ohun tí yóò dá a dúró. Òfin yìí kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Shropshire, àfi pé òru ìgbà òtútù ibẹ̀ a máa gùn tó wákàtí mẹ́rìndínlógún, ilẹ̀ a sì ti pàdánù ooru púpọ̀ kí oòrùn tó yọ.

Igi yín ti wọ́wé ní àsìkò yìí, nítorí náà tẹmómítà tí ẹ so mọ́ ọn dojú kọ sánmà gbalaja. Òun fúnra rẹ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, ìtutù ara rẹ̀ yẹn ni ó sì fi hàn yín. Ó lè fi dígírì kan tàbí méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn, kéré sí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ gan-an. Ti ọ̀rẹ́ yín tí ó wà lójú fèrèsé yàtọ̀ sí èyí pátápátá, nítorí pé ooru ilé ń gba ara gíláàsì àti bíríkì jáde, òun ni ó sì ń gbé ìwọ̀n rẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá ní kí n yan èyí tí ó burú jù láàárín méjèèjì, ti fèrèsé ni n ó yàn, torí pé ooru tí ó ń jáde láti inú ilé máa ń yí padà bí àwọn ará ilé bá tan bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru, tàbí tí wọ́n bá pa á, kò sì sí bí a ṣe lè ṣírò rẹ̀ kúrò.

Nítorí irú ìṣòro yìí ni Thomas Stevenson, ẹnjiníà ọmọ Scotland tí ìdílé rẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ilé iná etíkun, ṣe ṣe àpótí kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí a ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Pákó ni wọ́n fi kàn án, ọ̀dà funfun ni wọ́n kùn ún, ògiri rẹ̀ jẹ́ pákó pẹlẹbẹ tí a tò ní dídàgẹ̀rẹ́ kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá, kí tẹmómítà inú rẹ̀ má sì rí oòrùn, sánmà, tàbí ilẹ̀ lójúkojú. Ní Ìlú Ọba, ojú tẹmómítà náà, ìyẹn ibi tí ó fi ń mọ òtútù, gbọ́dọ̀ wà ní mítà 1.25 sí ilẹ̀, lórí koríko tí a gé kúrú, níbi gbangba tí ó jìnnà sí ilé àti igi, kí ilẹ̀kùn àpótí sì kọjú sí àríwá. Irú àyíká bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wọn -8 ti Shawbury, níbi tí ibùdó ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun wà. Nítorí náà, bí ohun tí ẹ̀ ń bèèrè bá jẹ́ ìwọ̀n tí a lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ti Braemar ní Scotland tàbí ti òtútù ńlá ọdún 1982 kí a sì fi wọ́n wé ara wọn, ti Shawbury nìkan ni ó kún ojú òṣùwọ̀n nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí.

Gíga tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà lásán. Ní òru tí atẹ́gùn dákẹ́, ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tutù, ilẹ̀ a sì mú afẹ́fẹ́ tí ó fara kàn án tutù, tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ yóò fi tutù ju ti òkè lọ. Bí a bá tẹ́ tẹmómítà kan sórí koríko, tí a sì gbé òmíràn sínú àpótí lókè rẹ̀, ìyàtọ̀ dígírì márùn-ún láàárín wọn kì í ṣe ohun ìyanu. Àwọn iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ náà máa ń wọn ti orí koríko yẹn, ṣùgbọ́n ojú ìlà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ìrì dídì fi lè bo koríko yín lówùúrọ̀ nígbà tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kò tíì dé òdo.

Ìyẹn kò wá túmọ̀ sí pé ìwọ̀n Shawbury ni ìwọ̀n ẹ̀yìnkùlé yín. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, a sì máa ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ní òru, títí yóò fi kún inú kòtò àti àfonífojì. Ilé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè lè tutù gan-an ju èyí tí ó wà lórí òkè kan náà lọ, ibi tí ilé pọ̀ sí láàárín ìlú a sì máa móoru ju ìgbèríko lọ. Shropshire tí ẹ ń gbé gan-an ni ibi tí mo máa ń tọ́ka sí bí mo bá ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1981, wọ́n ka -25.2 ní Shawbury; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1982, wọ́n ka -26.1 ní Newport tí kò jìnnà sí yín, èyí tí ó ṣì jẹ́ ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí a tíì rí nílẹ̀ England. Lọ́jọ́ kan náà, Braemar dé -27.2, ìwọ̀n kan náà tí ó ti dé rí ní 1895, tí Altnaharra, ní Scotland bákan náà, sì wá dé ní 1995. Ìwọ̀n kankan kò tíì kéré ju ìyẹn lọ ní gbogbo Ìlú Ọba. Sánmà mọ́, atẹ́gùn dákẹ́, òjò dídì sì bo ilẹ̀. Òjò dídì yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru inú ilẹ̀ gòkè wá, bẹ́ẹ̀ ni ojú òjò dídì náà ń tú ìwọ̀nba ooru tí ó ní sí sánmà. Bí ó bá bo ẹ̀yìnkùlé yín ní òru kan tí kò sì bo ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n náà.

Ní ti mọ́tò, iwájú ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ojú tẹmómítà rẹ̀ sí, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì àti ti ọ̀nà ti lè dé ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìdájí tí ọ̀rẹ́ yín jáde kì í ṣe àsìkò tí òtútù máa ń mú jù lọ. Nígbà tí oòrùn bá ń yọ, tàbí díẹ̀ lẹ́yìn náà, ni ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ sábà máa ń wáyé. -14 ti fóònù ní tirẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n afẹ́fẹ́ rárá. Ìṣirò ni, tí ó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe ń gba ooru lára ènìyàn. Mọ́tò, páìpù, àti tẹmómítà kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ lọ nítorí pé atẹ́gùn ń fẹ́; wọn yóò kàn tètè dé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ náà ni. Ẹ yọ -14 kúrò nínú ìwé yín.

Ọ̀rọ̀ àsìkò kan tún wà tí ẹ kò bèèrè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò dá ìjà mìíràn sílẹ̀ láàárín yín láìpẹ́. Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni àwọn tí ń wo ojú ọjọ́ ní Ìlú Ọba ń ka tẹmómítà, tí wọ́n sì ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ tuntun. Ká ní pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwọ̀n ṣì wà ní -8 nígbà tí ẹ dá a padà. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run ní alẹ́ ọjọ́ náà, òru Ọjọ́rú kò sì tutù ju -2 lọ. Bí ẹ bá kà á ní agogo mẹ́sàn-án Ọjọ́rú, -8 ni ẹ óò tún rí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òtútù òru kan ti di òru méjì nínú ìwé yín. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé kan sì ń ka tiwọn láti ọ̀gànjọ́ òru kan sí èkejì, tí ó fi jẹ́ pé òru tí ẹ̀yin ń sọ kì í ṣe òru tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ yín bá ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, ẹ wò ó kí ẹ lè mọ aago tí ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ bọ́ sí.

Ní báyìí, ibi tí ẹ óò gbé tẹmómítà sí. Ẹ kò nílò àpótí Stevenson tí owó rẹ̀ pọ̀. Àwọn awo ike funfun tí a tò léra wọn pẹ̀lú àlàfo láàárín, tí a ń kó ojú tẹmómítà sí àárín wọn, kò wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ri òpó kan mọ́ orí koríko, kí ẹ gbé e sí mítà 1.25, kí ó jìnnà sí ògiri, ọgbà onípákó àti ojú ọ̀nà oníkankéré bí ààyè yín bá ti gbà tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ dán an wò. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, ẹ kó o kún inú fúlásìkì, ẹ da omi tútù díẹ̀ sí i tí yóò kàn dí àlàfo àárín wọn, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì ki ojú tẹmómítà bọ̀ ọ́ bí ó bá jẹ́ irú èyí tí omi kò lè bàjẹ́. Ẹ máa rò ó títí nọ́ńbà rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Òdo ni ó gbọ́dọ̀ kà. Bí ó bá ka 0.7, ẹ ti mọ ohun tí ẹ óò máa yọ kúrò nínú gbogbo ìwọ̀n tí ó bá wà nítòsí òdo. Kí àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì gbé tiwọn wá sínú fúlásìkì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Mo rò pé púpọ̀ nínú àríyànjiyàn yín yóò parí sí ibẹ̀.

Ní ti páìpù, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ wọ̀n dáadáa ní ẹ̀yìnkùlé yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti fóònù, kì í sì í ṣe ti Shawbury. Ẹ má ṣe wo bí ó ti lọ sísàlẹ̀ tó nìkan; ẹ wo iye wákàtí tí ó fi wà lábẹ́ òdo, nítorí pé -3 láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì lè di omi tí -6 fún wákàtí kan kò lè dì. Ibi tí ooru ilé kò dé ni kí ẹ fojú sí: òkè àjà, gáréèjì, ẹ̀rọ omi ìta, àti páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé omi jáde láti ara bọ́ílà gba ara ògiri lọ síta. Páìpù bọ́ílà yìí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dì, bọ́ílà a sì pa ara rẹ̀ ní òru tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ẹ fi ìbora páìpù wé e nísinsìnyí. Bí ó bá ti dì, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ máa dà sí i lára díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe omi híhó, lẹ́yìn náà kí ẹ tún bọ́ílà tàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ òní sì tó ṣú, ẹ wá ibi tí kọ́kì tí ó ń ti omi gbogbo ilé wà, kí ẹ sì yí i wò bóyá ó ṣì ń yí.